Bí a ṣe ń mọ ohun tí họ́mónù ń ṣe sí ọmú eku tó ṣì kéré

Ẹ̀yin àbúrò mi tí súpáfáísọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pírójẹ́ẹ̀tì họ́mónù lé lọ́wọ́, ẹ má tíì lọ ra eku o. Mo mọ̀ pé ohun tó máa ń kọ́kọ́ yá wa lára nìyẹn, ká wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìdí-Àràbà tàbí Akọka, ká bẹ àwọn tó ń sin eku, ká kó ogún wá sílé eku, ká wá máa ronú ohun tá a máa fi wọ́n ṣe. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi, ojú mi rí nǹkan, màá sọ ọ́ tá a bá débẹ̀. Eku tẹ́ ẹ fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ yẹn ti ní họ́mónù tiẹ̀ lára, oúnjẹ tó ń jẹ lè ní nǹkan tó ń ṣe bíi họ́mónù nínú, kódà òórùn akọ tó wà ní kéèjì kejì ń dá sí ọ̀rọ̀ náà. Tẹ́ ẹ ò bá kọ́kọ́ mọ gbogbo ìyẹn, ẹ máa gún abẹ́rẹ́ tán, ẹ ò ní mọ ta ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ohun tó ti wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé

Abo èlírí funfun máa ń ní ọmú mẹ́wàá, márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì. Eku ńlá bíi Wistar àti Sprague-Dawley, àwọn ìran eku tí wọ́n ń sìn fún láàbù, ní méjìlá. Akọ èlírí ò ní orí ọmú rárá, torí pé látinú oyún lọ́hùn-ún, bí ọjọ́ 13 sí 14, họ́mónù tó ń ti kórópọ̀n ara ẹ̀ wá ti gé ìdí ọmú yẹn kúrò. Ẹ lè lo ìyẹn láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo: tí àwọn ọmọ bá ti tó bí ọjọ́ mẹ́wàá, kí irun tó bo ikùn wọn tán, ẹ dá wọn dùbúlẹ̀, èyí tẹ́ ẹ bá rí àmì tóótòòtó tó tò lọ ní méjì méjì lára ẹ̀, abo ni.

Ìgbà tí wọ́n bá bí abo, igi kékeré kan báyìí ló wà lẹ́yìn orí ọmú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka ẹ̀ ò pọ̀, ó jókòó sígun kan nínú tìmùtìmù ọ̀rá. Ẹ fojú inú wo pílọ́ọ̀tì kan ní Ìkòròdù tí wọ́n ti mọ fẹ́ǹsì yí ká, tí onílẹ̀ kọ́ bọ́ìsì kọ́tà kékeré kan síwájú géètì, tí gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì jẹ́ koríko. Ọ̀rá ni pílọ́ọ̀tì yẹn, igi kékeré yẹn ni bọ́ìsì kọ́tà. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀ ju pé igi náà ń dàgbà bí gbogbo ara ṣe ń dàgbà. Owó ò tíì wọlé.

Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kẹta ilé ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í tú estrogen, ìyẹn họ́mónù abo, sínú ẹ̀jẹ̀, owó dé nìyẹn, orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á wú, á rí roboto bí orí kùmọ̀. TEB (terminal end bud) làwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é, orí kùmọ̀ lèmi ń pè é, òun ló máa ń kì bọ inú ọ̀rá lọ síwájú, tó ń pín sí méjì, tó ń fi ọ̀nà wàrà sílẹ̀ sẹ́yìn ara ẹ̀ bó ṣe ń lọ. Lára èlírí, ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló máa ń pọ̀ jù, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkẹwàá, ó ti kan fẹ́ǹsì, orí kùmọ̀ á pòórá, ó kù igi tó tẹ́ rẹrẹ. Lára eku ńlá ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọjọ́ 21 báyìí lẹ máa rí wọn tó pọ̀ jù. Ẹ má gbé kàlẹ́ńdà èlírí lé eku ńlá lórí o, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó dé nígbà tí ọjà ti tú.

Estrogen nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ yìí ṣá. Lọ́dún 1958, Lyons àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà yọ ilé ẹyin, kókó adrenal tó wà lórí kíndìnrín, àti kókó pituitary tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ kúrò lára eku, wọ́n wá ń dá họ́mónù padà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ iṣẹ́ èyí tó jẹ́ ti olúkúlùkù wọn, Nandi náà ṣe irú ẹ̀ lára èlírí lọ́dún kan náà. Ohun tó jáde ni pé tí kò bá sí pituitary, estrogen á kàn máa lu ilẹ̀kùn lásán, ó fẹ́ họ́mónù ìdàgbà, ìyẹn GH, tó ń jẹ́ kí ara pèsè IGF-1, èròjà míì tó ń mú nǹkan dàgbà. Progesterone, họ́mónù míì tó ń ti ilé ẹyin wá, ló ń yọ ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́, prolactin tó ń ti pituitary wá sì ló ń parí àpò kéékèèké tí wàrà máa wà nínú ẹ̀ nígbà oyún. Nǹkan míì tó máa ń ya àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu: sẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́ ohùn estrogen gan-an kọ́ ló sábà máa ń pín ara ẹ̀. Ó máa ń gbà á, á wá fi èròjà kan tó ń jẹ́ amphiregulin ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò tó wà nínú ọ̀rá, àwọn yẹn ló máa wá fọhùn padà kí igi tó dàgbà. Ohun tó fà á tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ gbé ọmú pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀ pọ̀ wò nìyẹn, ẹ má bọ́ ọ kúrò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ọjọ́ orí

Ẹ kọ ọjọ́ ìbí sí kéèjì lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn gan-an, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ bóyá ọjọ́ òdo lẹ pe ọjọ́ yẹn ni tàbí ọjọ́ kìíní. Ó jọ nǹkan kékeré, àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún yìí, ọjọ́ kan péré máa ń hàn lórí sílàìdì. Tí ìyá kan bá bí mọ́kànlá, òmíì bí márùn-ún, àwọn márùn-ún yẹn á sanra, wọ́n á sì bàlágà ṣáájú, torí náà ẹ dín wọn kù sí mẹ́jọ mẹ́jọ láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá lè ṣe é. Ẹ má sì kó gbogbo ọmọ ìyá kan sínú gúrúùpù kan, ẹ pín wọn ká.

Ìgbésẹ̀ kejì: ilé eku

Ibí yìí ni mo ti jẹ ìyà tèmi, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Pírójẹ́ẹ̀tì mi àkọ́kọ́, a yọ ilé ẹyin àwọn eku kan, a fún ìdajì lóróró lásán, a fún ìdajì yòókù ní estrogen. Tí kò bá sí ilé ẹyin, ilé ọmọ wọn yẹ kó tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ ni. Ọjọ́ tá a là wọ́n, àwọn tá a fún lóróró lásán, ilé ọmọ tiwọn náà wú, ó pupa, omi wà nínú ẹ̀. Mo rò pé mo ti dá kéèjì pọ̀ mọ́ra. Bàbá tó ń tọ́jú eku fún wa ló bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ wá wo oúnjẹ wọn." Àpò oúnjẹ tá a rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń lọ̀ ọ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti dì pọ̀, ó hu funfun àti àwọ̀ pupa rúsúrúsú, ó ń rùn bí ilẹ̀ tútù. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún wọn pé òjò ń kán sí àpò yìí." Mi ò ní bí mo ṣe fẹ́ jẹ́rìí sí i pé òun ló ṣe é, mi ò ṣe àyẹ̀wò oúnjẹ náà, àmọ́ mo da gbogbo iṣẹ́ yẹn nù.

Àgbàdo tí ọ̀rinrin bá wọ̀, olú kan tó ń jẹ́ Fusarium lè hù sí i, ó sì lè tú zearalenone sínú ẹ̀, nǹkan yẹn ń so mọ́ ibi tí estrogen ń so mọ́ lára, àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa torí ó máa ń mú kí abẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ kékeré wú. Ọ̀rinrin Èkó yìí nìyí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Sóyà náà ń bẹ, ó ní genistein nínú, estrogen tí kò le púpọ̀ ni, àmọ́ eku kékeré tó bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ó ń gba nǹkan kan nìyẹn. Torí náà:

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ oúnjẹ pé kí ló wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ ra àpò kan náà fún gbogbo gúrúùpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kẹ́ ẹ gbé e sórí pákó, kó má fara kan sìmẹ́ǹtì, kó má sì pẹ́ ju oṣù kan lọ. Ẹ lo oúnjẹ tí kò ní sóyà tẹ́ ẹ bá lè rí i. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, kí gbogbo wọn jẹ ọ̀kan náà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ike kéèjì àti ìgò omi náà, ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998, wọ́n fi ọṣẹ tó le jù fọ kéèjì pọ́líkábónéètì ní láàbù Patricia Hunt, ike náà bà jẹ́, BPA, kẹ́míkà inú ike tó ń ṣe bí estrogen, ń jáde lára ẹ̀, ẹyin àwọn èlírí tí wọn ò ṣe nǹkan kan fún bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ọdún 2003 ni wọ́n gbé e jáde. Kéèjì tí ara ẹ̀ bá ti ha, tó ti pọ́n, ẹ gbé e sọnù.

Iná ńkọ́? Wákàtí 12 ìmọ́lẹ̀, wákàtí 12 òkùnkùn. Ẹ̀yin á ní Nẹ́pà ò lè jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Òkùnkùn tó ṣú lálẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ wàhálà, ìgbà tí iná bá dé laago méjì òru ni wàhálà, tó sì jẹ́ pé ẹni tó jáde gbẹ̀yìn ò pa súìṣì, gílóòbù á tàn yàà lójú eku tó yẹ kó wà lókùnkùn. Ẹ ra táímà kẹ́ ẹ so ó mọ́ súìṣì, tàbí kẹ́ ẹ kọ "Ẹ PA Á" gàdàgbà sára ilẹ̀kùn. Ọ̀sán ńkọ́, láǹtánì tó ń lo bátìrì la ti dá sílẹ̀ fún ìyẹn.

Akọ gbọ́dọ̀ jìnnà. Vandenbergh fi hàn lọ́dún 1967 pé tí abo èlírí kékeré bá ń gbé pẹ̀lú akọ tó ti dàgbà, ó máa ń yára bàlágà ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, òórùn ìtọ̀ akọ yẹn nìkan náà lè ṣe é. Òdìkejì ẹ̀ náà wà o, tẹ́ ẹ bá há abo púpọ̀ mọ́ kéèjì kan, àyípo ìgùn wọn lè dáwọ́ dúró. Mẹ́ta sí mẹ́rin nínú kéèjì kan tó, pààrọ̀ kéèjì lọ́jọ́ kan náà fún gbogbo wọn, kẹ́ ẹ má sì fi ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú akọ lọ mú abo.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé àṣẹ àti ọ̀bẹ

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko ní ilé ẹ̀kọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ilé ẹyin, dókítà ẹranko ni kó ṣe é tàbí kó dúró tì yín, pẹ̀lú oògùn oorun àti oògùn ìrora, bí ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó dáa jù fún èlírí, kẹ́ ẹ wá fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí họ́mónù tó kù lára ẹ̀ fi lọ tán. Tẹ́ ẹ ò bá lè ṣe iṣẹ́ abẹ, ọ̀nà míì wà: ẹ lo eku ńlá tí kò tíì bàlágà. Ìlànà àyẹ̀wò tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè kan, gbé jáde lọ́dún 2007 lórí ilé ọmọ eku lo abo tó wà láàárín ọjọ́ 18 sí 25, wọ́n á fún un ní nǹkan náà fún ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra, wọ́n á wá wọn ilé ọmọ ẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta kéré fún ọmú, ẹ lo ọjọ́ márùn-ún sí méje tó bá jẹ́ orí kùmọ̀ lẹ fẹ́ rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: pípo họ́mónù

Fún èlírí tí wọ́n ti yọ ilé ẹyin ẹ̀, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni míkrógíráàmù kan estradiol, ìyẹn irú estrogen kan, lójúmọ́, àti mílígíráàmù kan progesterone fún gúrúùpù tó bá ń gba ìyẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra, ọ̀kan fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í. Ẹ fi mílígíráàmù kan estradiol sínú mílílítà kan ethanol. Ẹ bu míkrólítà 10 nínú ẹ̀ sínú òróró títí tó fi máa pé mílílítà kan. Ohun tẹ́ ẹ ní báyìí ni míkrógíráàmù 10 nínú mílílítà kan, ẹ fún èlírí kọ̀ọ̀kan ní 0.1 mílílítà lábẹ́ awọ, míkrógíráàmù kan géérégé ló gbà yẹn. Progesterone, mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kan òróró, ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ mú kó yòrò, 0.1 mílílítà náà lẹ máa fún un.

Òróró yànmọ̀tí tàbí òróró ẹ̀pà tó mọ́ tónítóní láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà, ẹ má lọ bu èyí tó wà ní kíṣìnnì. Gúrúùpù tó ń gba òróró lásán gbọ́dọ̀ gba ethanol díẹ̀ yẹn náà. Gúrúùpù mẹ́rin ló dáa: òróró, estradiol, progesterone, àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ wọ gílóòfù o, estradiol ń gba ara wọlé, obìnrin tó bá lóyún kò gbọ́dọ̀ bá wa po ó, chloroform àti xylene tá a máa lò níwájú náà ò dáa fún un.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́

Abẹ́ abo kékeré máa ń wà ní dídì títí tó fi máa bàlágà, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, ọjọ́ tó bá ṣí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Eku ńlá, bí ọjọ́ 33 sí 42 ni. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ṣí lọ́jọ́ 27 tó sì wà nínú gúrúùpù òróró, ẹ padà lọ wo oúnjẹ. Ẹ máa wọn ìwọ̀n ara wọn náà. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, bí wákàtí 24 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó gbẹ̀yìn, ẹ pa wọ́n bí ìwé àṣẹ yín ṣe sọ, ẹ wọn ilé ọmọ ní tútù kó tó gbẹ, ẹlẹ́rìí yín nìyẹn pé abẹ́rẹ́ wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: yíyọ ọmú

Ìkẹrin ni kẹ́ ẹ yọ, èyí tó wà nítòsí itan, torí ó tóbi, ó sì tẹ́. Ẹ la awọ láàárín ikùn wá sókè, ẹ ya á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ò ní gé ẹran ikùn. Ẹ máa rí ọ̀rá funfun tó lẹ̀ mọ́ awọ nínú, àti ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ti pàdé, kókó kékeré kan wà níbẹ̀, kókó lymph nìyẹn, ẹ má gé e nù, òun lòpó ibùsọ̀ wa. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì kékeré já ọ̀rá náà kúrò lára awọ láti orí ọmú lọ sẹ́yìn, ẹ tẹ́ ẹ sórí sílàìdì, ẹ fi ìka na igun ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tẹ́ bí ó ṣe wà lára eku. Ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí ẹ bá ti tètè rì í sínú kẹ́míkà, á ká jọ bí ewé tó rọ.

Lẹ́yìn náà, Carnoy, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́: ìdá mẹ́fà ethanol, ìdá mẹ́ta chloroform, ìdá kan acetic acid, wákàtí méjì sí mẹ́rin, tàbí di ọjọ́ kejì. Ẹ dé ìgò náà dáadáa, chloroform ń fò lọ nínú ooru. Ẹ bọ́ ọ sínú ethanol 70% fún ìṣẹ́jú 15. Tí iná bá lọ, tàbí tí wọ́n bá ti Third Mainland Bridge tẹ́ ẹ sì gbọ́dọ̀ tètè lọ sílé, ibí yìí lẹ ti lè dúró, ó lè wà nínú ethanol 70% yẹn fún ọjọ́ bíi mélòó kan láìṣe nǹkan kan.

Ẹ fi omi dín ethanol kù díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa di omi lásán, ẹ wá gbé e sínú carmine, aró pupa tó ń jẹ́ kí igi náà hàn. Carmine kan gíráàmù, álọ́ọ̀mù 2.5 gíráàmù, omi tí wọ́n ti pọ́n 500 mílílítà, ẹ sè é fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ dá omi tó fò lọ padà, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ ju kírísítà thymol kan sí i kó má baà bàjẹ́, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Ẹ má lo álọ́ọ̀mù tí ìyá wa fi ń mú kí omi kànga tòrò. Inú kòkòrò ni wọ́n ti ń rí carmine pupa yẹn, ẹ ò ní gbàgbọ́.

Ẹ fi í sínú aró yẹn di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá á pọ́n rúsúrúsú, kókó lymph á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Ethanol 70, 95, 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ wá bọ́ ọ sínú xylene. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn: ọ̀rá tó ti ṣú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, bí ìgbà tí òwúrọ̀ ń là, igi pupa kan á sì dìde nínú ẹ̀ lójú yín, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka. Ẹ fi DPX, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì mọ́ sílàìdì, bò ó.

Ìgbésẹ̀ keje: kíkà

Kí ẹlòmíì fi nọ́ńbà bo orúkọ gúrúùpù kí ẹ tó jókòó sídìí maikiroskópù, torí ojú tó ń retí nǹkan, ó máa rí i. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú ìwọ̀n, ẹ ṣí i nínú ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan lórí fọ́tò, ọ̀fẹ́ ni. Láti àárín kókó lymph, ẹ wọn ibi tí ẹ̀ka tó lọ jìnnà jù dé. Tí ẹ̀ka ò bá tíì kọjá kókó, ẹ kọ ọ́ bí àìpé, pẹ̀lú àmì àyọkúrò níwájú, kì í ṣe àṣìṣe. Lára èlírí, orí ẹ̀ka tó bá fẹ̀ ju míkrómítà 100 lọ lẹ máa kà ní orí kùmọ̀, èyí tó bá tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka lásán ni. Nínú gúrúùpù òróró, igi á dúró lójú kan, orí ẹ̀ ò ní wú. Nínú ti estradiol, orí kùmọ̀ á pọ̀ lẹ́bàá ètí. Níbi tí progesterone bá ti dara pọ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wàrà, ẹ̀ka kéékèèké á ti máa yọ níbẹ̀.

Mo rántí pé Daniel àti Silberstein lọ́dún 1987 fi hóró estradiol kékeré kan sínú ọmú èlírí tí kò ní ilé ẹyin, agbègbè hóró yẹn nìkan ni orí kùmọ̀ ti yọ, ọmú ẹ̀gbẹ́ kejì dúró bó ṣe wà. Tẹ́ ẹ bá ní ẹran tó pọ̀ tó, ẹ lè gbìyànjú irú ẹ̀, ọmú kejì á wá di kọ́ńtíróòlù ọmú kìíní, ẹ ò ní nílò kẹ́ ẹ máa jiyàn pé eku yìí sanra ju ìyẹn lọ.

Ìkan ṣoṣo tó kù, pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ sára sílàìdì, ẹ wá èyí tí etí ẹ̀ ní funfun. Èmi fi máákà kọ mẹ́rìnlélógún, xylene sì fọ gbogbo ẹ̀ nù lálẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti bàbá ilé eku jókòó títí di aago mẹ́sàn-án, a ń fi ìwọ̀n ilé ọmọ wá eku tó ni àwọn sílàìdì tí ò ní orúkọ mọ́, mọ́kànlá la rí.